Èmi Ni Mò Ń Bá A Ka Atẹ́gùn

Kí èmi tọrọ àforíjì kẹ̀! Bọ̀dá mi, ẹ dákun, ẹ tún un sọ kí n gbọ́, ó lè jẹ́ pé fóònù yìí ni kò já geere. Èmi Ọmọ́níkẹ́ ni kí n lọ bá Olúrótìmí, kí n ní "ẹ má bínú"? Nítorí kí ni? Ó wà níbí ní Sugar Land lÁmẹ́ríkà, ó pè yín ní Ìbàdàn, ó fẹjọ́ mi sùn yín pé mo dójú ti òun láàárín àwọn ọ̀rẹ́ òun, ẹ̀yin náà sì gbọ́ tirẹ̀ tán, ẹ wá gbé fóònù pè mí, mi ò tíì tú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì lórí... Rárá o, sà, mi ò pariwo mọ́ yín. Ohùn mi ló ga. Láti àná ló ti ga, kò tíì wálẹ̀. Ẹ má sì bínú pé mò ń pe ọkọ mi ní "ó". Mo mọ̀ pé àbúrò yín ni, mo mọ̀ pé olórí ilé mi ni. Inú ló ń bí mi!

Ṣé ó sọ ti fọ́ọ̀mù fún yín? Ẹ̀n-ẹ́n! Kò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò ní sọ ọ́! Ibi tó dùn mọ́ ọn ló ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó yá, ẹ jókòó dáadáa, sà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ fún mi ẹni tó yẹ kó bẹ ẹnì kejì.

Láti ìgbà tí Olúrótìmí ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ epo, ẹ mọ̀ pé àwa méjì la kù nínú ilé yìí. Àwọn ọmọ ti lọ, Jésùtófúnmi wà ní Seattle, Zoe wà ní Atlanta. Yàrá márùn-ún, èèyàn méjì. Tí mo bá ti ilé ìwòsàn dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí níwájú tẹlifíṣọ̀n. "Káàbọ̀." "Ẹ ṣé." "Oúnjẹ wà nínú fìríìjì." "Hẹ̀n." Ó tán. Bọ̀dá mi, mo kà á lọ́jọ́ kan, mo fi Ọlọ́run búra fún yín, ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ni ọkọ mi bá mi sọ láti ìgbà tá a jí títí tá a fi sùn. Mọ́kànlá! Kì í ṣe pé à ń jà o. Ká ní à ń jà ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa bẹ̀bẹ̀ fún. Ó kàn dákẹ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé iná sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó ń wọ̀ ọ́ mọ́.

Ìgbà tó di oṣù kejì ọdún yìí, Francis, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan fún ọdún mẹ́tàlá ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, ó wá mú un jáde lọ sí pápá ìyìnbọn kan. Ìgbà tó dé, ó pè mí. "Níkẹ́ẹ́." Níkẹ́ẹ́! Mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí Zoe ti jáde ilé ìwé. Ó ní, "Jókòó, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ." Mo rò pé dókítà ti rí nǹkan kan lára rẹ̀ ni. Àṣé ọ̀rọ̀ ìbọn ni.

Ẹ má jáyà, sà! Kì í ṣe ìbọn olè, kì í ṣe ìbọn ogun. Eré ìdárayá ni wọ́n ń fi ṣe níbí. Àwo irin ni wọ́n máa ń gbé kọ́ síbi tó jìnnà réré, òmíràn jìn tó pápá bọ́ọ̀lù mẹ́jọ tí wọ́n tò tẹ̀ léra, èèyàn á sì máa yìn ín láti ibi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ìdíje tó fẹ́ lọ yìí, èèyàn méjì-méjì ni wọ́n ń ṣe é. Bí ẹnì kan bá ń yìnbọn, ẹnì kejì á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú awò ńlá tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ ojú, á máa wo bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, á máa sọ fún un pé fi sósì díẹ̀, fi sọ́tùn-ún, nítorí pé atẹ́gùn máa ń gbé ọta lọ, ọta tó bá sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan yà, kò tún bá irin mọ́. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá parí, wọ́n á pààrọ̀.

Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ṣé wàá bá mi ṣe é?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo wá rí i pé òun kò rẹ́rìn-ín. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá mi, ká ní ó ní ká jọ lọ máa gbẹ́ kòtò lẹ́yìnkùlé ni, ǹ bá lọ gbé ṣọ́bìrì.

Oṣù mẹ́ta gbáko la fi yan ìbọn. Tí mo bá ti ń wakọ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń sáré lórí freeway, èmi tí mo máa ń rọra ń bọ̀ tẹ́lẹ̀! Ó ti tẹ́ ìwé káàkiri orí tábìlì ìdáná. Ìbọn ńlá kan ló kọ́kọ́ wù ú, èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá yìn ín, gbogbo ara ló ń mì. Wọ́n jẹ́ ká dán an wò, ọ̀sẹ̀ kan ni èjìká mi fi wú. Mo ní, "Bàbá Jésùtófúnmi, ìbọn tó ń mi èèyàn báyìí, báwo lẹ ṣe máa rí ibi tí ọta bọ́ sí? Kí ẹ tó gbójú padà sínú awò, ó ti tán." Ó ronú. Ó ní, "Òótọ́ ni." Ọdún wo ni Olúrótìmí ti sọ fún mi kẹ́yìn pé òótọ́ ni? Ẹ bá mi ṣírò ó!

Bá a ṣe yan èyí tó kéré sí i nìyẹn, méjì tó bára mu, tirẹ̀ gùn díẹ̀, tèmi fúyẹ́, ọta kan náà ni méjèèjì ń jẹ, pé tí tèmi bá tán kí n mú nínú tirẹ̀. Awò orí ìbọn ńkọ́? Èmi ni mo ní kó jẹ́ irú kan náà. Oríṣi ìṣirò méjì ni wọ́n máa ń kọ sára ohun tí wọ́n ń yí lórí awò yẹn; tí tirẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan, tí tèmi jẹ́ èkejì, mo lè ní "fi ẹyọ kan sósì" kí ẹyọ kan tirẹ̀ máà jẹ́ ẹyọ kan tèmi. Ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn ní, "Madam, who taught you?" Kí n tó dáhùn, Olúrótìmí ti ní, "That's my wife." Ó sọ ọ́ báyìí, ó na àyà síta!

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé awò ńlá dúró. Ọmọ yẹn mú èyí tó ga wá fún un. Ó ní rárá, ìyàwó òun ló máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé àpótí ìjókòó wá, ó ní kí n jókòó sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ọkọ mi kúnlẹ̀ o, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ojú mi mu gẹ́lẹ́. Ìgbà tá a délé, ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Ibi tí ojú rẹ wà nìyí, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni yí i."

Ẹ̀yin náà gbọ́? Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mo kọ́ atẹ́gùn, Bọ̀dá mi. Mo kọ́ ọ tọkàntọkàn. Iṣẹ́ èémí ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn, ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wo àyà aláìsàn bó ṣe ń lọ sókè sódò, tí mo máa ń mọ̀ pé èémí fẹ́ yí padà kí ẹ̀rọ tó ké. Atẹ́gùn ò yàtọ̀ púpọ̀. Tí oòrùn bá mú, ooru máa ń rìn lójú koríko bí omi tó tinrín. Tó bá ń rìn sọ́tùn-ún, atẹ́gùn ń lọ sọ́tùn-ún. Tó bá ń gòkè tààrà, atẹ́gùn ti dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, nínú ọta mẹ́wàá tí mo bá bá a ka atẹ́gùn rẹ̀, mẹ́jọ ló ń ba irin. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i nínú awò pé irin mì, lẹ́yìn náà ìró rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín: kọ̀ǹ! Á yíjú sí mi, á rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Wákàtí kan àtààbọ̀ ni pápá yẹn sí ilé. Lílọ, ọ̀rọ̀, bíbọ̀, ọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ló sọ fún mi nípa àárọ̀ tí Bàbá kú, bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, tí òtútù ń mú un, tí ẹ bọ́ súwẹ́tà ọrùn yín fún un, tí ẹ̀yin sì ń gbọ̀n. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sọ ọ́ fún mi rí. Mò ń wakọ̀, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò lè nù ún... Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin náà ò tíì gbàgbé.

Ó dáa. Fọ́ọ̀mù wá dé.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mo lọ mú ìwé tèmi lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo bá fọ́ọ̀mù ìdíje níbẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́: Olúrótìmí. Ẹnì kejì: Francis. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé àṣìṣe ni. Mo gbé e lọ bá a. Kò tilẹ̀ dìde! Ó ní, "Ṣé o rí i, Francis ti ṣe é rí, ó fẹ́ ká gbapò. Àwọn ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀, kò ní bá ọ lára mu. Ìwọ wàá máa wá wò wá." Kí n máa wá wò wọ́n! Ó wá fi kún un pé, "A máa yá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ lò." Yá! Mo ní, "Bàbá Jésùtófúnmi, oṣù méje lẹ fi ń kọ́ mi, kí ni mo ṣe?" Ó ní, "O ò ṣe nǹkan kan. Eré lásán ni, má jẹ́ kó di ẹjọ́." Ó yíjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Kí ó tó di ọjọ́ kejì, a ti padà sí "oúnjẹ wà nínú fìríìjì." A ti yan ìbọn tán, sà. Kò sí ohun tó kù tá a máa jọ yàn. Mo tilẹ̀ sọ fún obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ọkàn mi bàjẹ́, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ká gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí ìbọn. Mo ní àmín. Kí ni ǹ bá sọ? Ta ni mo máa sọ fún pé ìbọn kọ́ ló ń dùn mí?

Ó wá di àná, ọjọ́ ìdíje. Ó ti jáde kí n tó jí, ó ti gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo ní mi ò lọ. Mo jókòó sí ìdáná. Mo nu orí tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó di aago mẹ́sàn-án, mo rí ara mi nínú ọkọ̀.

Wọ́n ta okùn fún àwa òǹwòran, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n wà. Awò kékeré tí Zoe fi ń wo ẹyẹ nígbà tó wà lọ́mọdé ni mo mú dání. Mo rí Francis tó jókòó sẹ́yìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà kúrú jù fún un, ó ká orúnkún sókè, ó tẹrí ba kó tó lè rí inú awò. Ọta márùn-ún péré ni wọ́n ní níbẹ̀. Francis ní kó yìn ín tààrà. Olúrótìmí yìn ín. Ó bọ́ sápá ọ̀tún irin. Francis tún ní tààrà. Ọ̀tún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀tún! Mo rí ohun tó ń ṣe é. Àsíá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló ń wò, àsíá yẹn ò sì mì rárá. Ṣùgbọ́n láàárín pápá, lókè kòtò kan, ooru ń sáré lọ sọ́tùn-ún bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo di ẹnu mi mú. Ẹ bi àwọn tó wà níbẹ̀, ọwọ́ mi wà lẹ́nu mi! Mo wá rí ẹ̀yìn Olúrótìmí. Èjìká rẹ̀ méjèèjì ti wálẹ̀. Ẹ̀yìn tí mò ń rí lójoojúmọ́ níwájú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, Bọ̀dá mi. Mi ò lè wò ó mọ́. Ẹnu mi là: "Òsì! Ẹ fi ẹyọ kan àtààbọ̀ sósì!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí mi. Òun nìkan ni kò yíjú. Ṣùgbọ́n mo rí ẹnu ìbọn rẹ̀. Ó rìn, díẹ̀ báyìí, sósì. Ó yìn ín.

Kọ̀ǹ!

Ó tún yìn ín. Kọ̀ǹ!

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo mọ̀ pé kò bá òfin mu. Òǹwòran ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sí ẹni tó ń yìnbọn. Mo jẹ̀bi ìyẹn, mi ò sọ pé mi ò jẹ̀bi! Adájọ́ wọn, bàbá kan tó dé fìlà pupa, ó wá bi mí pé kí ni mo sọ. Mo wo ọkọ mi. Ó yíjú sí Olúrótìmí. Olúrótìmí dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò nígbọ̀nwọ́, kò wo apá ibi tí mo wà, ó ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tó ń sọ."

Ẹ dákẹ́ ná, sà. Ẹ jẹ́ kí n mí.

Ó ní òun ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Wọ́n wá pe ọmọbìnrin kan tó ń kọ máàkì, Hafsah lorúkọ rẹ̀, Houston níbí ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ará Ìlọrin làwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní ṣé ó gbọ́ èdè yẹn. Ọmọ náà wò mí, ojú rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní atẹ́gùn ni mò ń kà fún wọn. Wọ́n fagi lé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, wọ́n ní kí n lọ dúró sí ibi tí wọ́n ń páàkì sí. Hafsah ló sìn mí lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mi ò lè purọ́." Mo ní, "Ọmọ mi, o ò ṣẹ̀ mí." Ó rìn díẹ̀, ó tún padà wá, ó ní, "Ẹyọ kan àtààbọ̀ yẹn, mà, òun gan-an ni." Mo wọ inú ọkọ̀, mo sunkún. Ọmọ ọlọ́mọ ló sọ ọ́ fún mi!

Ẹ wá ní kí n tọrọ àforíjì. Kí àlàáfíà lè wà. Àlàáfíà wo? Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, á ní "kò burú," àbí? Ọ̀rọ̀ méjì. Ká tún máa kà á láti ibẹ̀.

Ẹ gbọ́, mi ò fẹ́ kó fi Francis sílẹ̀. Mi ò fẹ́ kó kọ orúkọ mi síbì kankan. Fọ́ọ̀mù dùn mí, mo sì ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Irọ́ yẹn ni kò gbà mí lọ́fun. Ohun tó fi dí etí lánàá, èyí tó ń pa ariwo ìbọn ṣùgbọ́n tó ń jẹ́ kí ohùn èèyàn wọlé ketekete ni. Ó gbọ́ mi! Tí kò bá gbọ́ mi, kí ló yí ìbọn rẹ̀ sósì?

Ẹ pè é padà. Ó wà lókè nínú yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ìbéèrè kan yẹn ni kí ẹ bi í, ẹ má bi í ní òmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kó dá yín lóhùn lórí fóònù o! Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá sọ fún mi. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá péré ló wà láàárín èmi àti òun. Mo jókòó sísàlẹ̀ níbí, mi ò tíì bọ́ bàtà.